Àmì Àtàǹpàkò Lára Idì

Nígbà tí ìjì òjò àkọ́rọ̀ ọdún 2022 ṣí páànù mẹ́ta kúrò lórí ilé bàbá mi ní Makutu, ní Ìsánlú, èmi ni wọ́n ní kí n gun àjà lọ wo ohun tí òjò bàjẹ́. Mo bá ìwé ìròyìn àtijọ́ níbẹ̀, mo bá agbòjò tí kò ní aṣọ lára mọ́, mo sì bá páálí kan tí eku ti jẹ etí rẹ̀. Àwòrán ara páálí náà ti ṣá, ṣùgbọ́n ojú òṣùpá tí ó kún fún kòtò ṣì hàn níbẹ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ funfun kan tí ń fò lọ lórí rẹ̀. Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ wà nínú páálí, ó gùn tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan. Funfun rẹ̀ ti di àwọ̀ eyín ẹni tí ó ti ń jẹ tábà láti ìgbà èwe. Ẹnì kan ti fi ọ̀dà àwọ̀ ewé kun ikùn rẹ̀, ọ̀dà náà sì ń ṣí bí èèpo igi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀. Nínú agogo iná mẹ́rin tí ó yẹ kí ó wà ní ìdí rẹ̀, méjì ni mo bá.

Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀. Bàbá mi wò ó títí, wọn kò sọ ju pé kí n má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ṣeré lọ. Mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn pé mo fẹ́ tún un ṣe. Wọ́n ní kí n máa mú un lọ. Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí n bi wọ́n lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó rí nǹkan he kì í dúró gbọ́ ìtàn rẹ̀.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé irú nǹkan tí ó jẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà, Jámánì àti Japan tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ kéékèèké ni wọ́n ń fi ike ṣe. Wọn kì í tà á ní odidi. Wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń tà á, wẹ́wẹ́ náà á so mọ́ ẹ̀ka ike bí ilá ti í so mọ́ igi rẹ̀. Ẹni tí ó rà á ni yóò gé e, tí yóò fá a, tí yóò fi àtè lẹ̀ ẹ́ pọ̀, tí yóò sì kùn ún lọ́dà. Airfix ni orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó lókìkí jù lọ nínú wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nicholas Kove tí ó wá láti ilẹ̀ Hungary ni ó dá a sílẹ̀ ní 1939, ohun ìṣeré onírọ́bà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí nínú ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Katakata oko kékeré kan tí wọ́n ṣe ní 1949 ni ó mú wọn wọ iṣẹ́ yìí. Èyí dùn mọ́ mi nínú, nítorí ó fi hàn pé oko ni wọ́n ti gbéra kí wọ́n tó dé òṣùpá.

Ọkọ̀ inú páálí wa kì í ṣe ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni wọ̀ rí láyé. Inú eré orí tẹlifíṣọ̀n ni ó ti wá, eré tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Space: 1999. Gerry Anderson àti ìyàwó rẹ̀, Sylvia, ni wọ́n gbé e jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1975 títí di 1977, ìpín méjìdínláàádọ́ta ni ó sì ní. Ìtàn rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Àwọn ènìyàn ti ń kó pàǹtírí olóró tí ń jáde láti inú ẹ̀rọ átọ́ọ̀mù lọ dà sórí òṣùpá. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 1999, pàǹtírí náà bú gbàmù, ó sì ti òṣùpá kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, tòun ti ènìyàn 311 tí ń gbé orí rẹ̀. Bí wọ́n ti di aláìnílé nìyẹn. Ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Eagle, èyí tí í ṣe idì, nìkan ni wọ́n ní tí wọ́n fi ń lọ tí wọ́n fi ń bọ̀. Ọdún 1999 dé ní tòótọ́, ó sì kọjá. Ohun tí àwa ní orílẹ̀-èdè yìí fi ń rántí rẹ̀ ni pé àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ nínú rẹ̀. Òṣùpá kò kúrò níbi tí Elédùmarè fi í sí.

Mo gbé Idì lọ sí kíláàsì, nítorí pé olùkọ́ tí ó bá rí nǹkan tuntun tí kò fi kọ́ ọmọ, bí ẹni jí i pamọ́ ni. Mo ní kí àwọn ọmọ ọdún karùn-ún wá orúkọ fún un ní Yorùbá, àti fún ẹ̀yà ara rẹ̀ gbogbo. Ìwé èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olótùú rẹ̀ ní 1990 wà lórí tábìlì mi, ó sì ti gbà mí lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni ó wà fún, kò bá mi dé ìdí ọkọ̀ òṣùpá. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ọmọkùnrin kan ní ọkọ̀ òfurufú ni. Ọmọbìnrin kan dá a lóhùn pé ọkọ̀ òfurufú ni bàálù, àti pé òfurufú tán nílẹ̀ kí a tó dé ibi tí eléyìí ń lọ, nítorí náà, ọkọ̀ ojú-ọ̀run ni kí a pè é. Mo gbà fún un. A pe ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí ní orí, a pe irin gbọọrọ tí ó so iwájú pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ní eegun ẹ̀yìn, àpótí tí èrò ń wọ̀ di ikùn. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti di iṣu ata yán-an-yàn-an ni orúkọ tí a ó pe ohun tí ó wà níwájú wa gan-an, ohun tí ó jọ ọkọ̀ tí kì í ṣe ọkọ̀. Àwọn kan ní ọmọlangidi ni. Mo ní ọmọlangidi kò ní ọ̀wọ̀ tó. A fẹnu kò sí ère nígbẹ̀yìn. N kò mọ̀ nígbà náà pé orúkọ yìí yóò padà wá bá mi jà.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo fi omi tútù, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ eruku ogójì ọdún kúrò lára rẹ̀. Ọ̀rá kan kù lára ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀yìn tí ọṣẹ kò ká. Mo ta bẹntiróò díẹ̀ sí àkísà, mo fi nù ún. Kí n tó ṣẹ́jú, ẹsẹ̀ náà rọ̀ lọ́wọ́ mi, ó ń fà bí ewédú, nígbà tí ó sì fi máa gan padà, ó ti tẹ̀, ó ti kúrú sí àwọn mẹ́ta yòókù. Ojú tì mí. Irú ike tí wọ́n fi ṣe é náà ni wọ́n ń wú tí ó fi ń di fóòmù funfun tí ó máa ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí. Ta ni kò sì mọ̀ ní àdúgbò wa pé bí a bá rẹ fóòmù yẹn sínú bẹntiróò, yóò yọ́ di àtè tí a fi ń dí ihò korobá? Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. N kò kàn fi ojú yẹn wo Idì ni.

Àṣìṣe yìí kọ́ mi ní nǹkan kan tí ó wúlò lẹ́yìn náà. Àtè tí a ń lò fún irú ike yìí kì í ṣe ohun tí ń lẹ̀ bí oje igi. Ńṣe ni ó ń yọ́ etí ike méjèèjì díẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á wọnú ara wọn, tí omi àtè á sì fẹ́ lọ, tí wọn á di ọ̀kan. Nítorí náà, bí ènìyàn bá fi ọwọ́ kan ibẹ̀ kí ó tó gan, ìlà ọwọ́ rẹ̀ ti wọnú ike náà nìyẹn, bí ìgbà tí adìyẹ bá gba orí sìmẹ́ǹtì tútù kọjá. Mo rí irú àmì bẹ́ẹ̀ kan lábẹ́ ikùn Idì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríkèé tí ó so ó mọ́ eegun ẹ̀yìn. Àtàǹpàkò ni, ó hàn kedere, ìlà rẹ̀ yípo bí ìkòtó. Mo kà á sí àléébù. Mo kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ mi pé sáńpépà ni yóò pa á rẹ́.

Ọ̀dà àwọ̀ ewé ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Àwọn obìnrin tí ń se ọṣẹ ní ọjà ni mo ti ra kọ́sítíìkì sódà. Mo fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà sọ́wọ́, mo da á sínú omi tútù díẹ̀díẹ̀, nítorí omi ni a ń da sódà sí, a kì í da omi sí sódà, mo sì rẹ Idì sínú rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Sódà a máa jẹ ọ̀dà, a máa jẹ awọ ara, ṣùgbọ́n kì í fọwọ́ kan irú ike yìí. Ní ọjọ́ kẹta, gbogbo àwọ̀ ewé ti léfòó sójú omi bí ewédò. Idì jáde ní funfun ràkọ̀ràkọ̀. Inú mi dùn, mo gbé e lọ fi han bàbá mi bí ọmọdé tí ó gba ipò kìíní.

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Wọ́n ní, "Àwọ̀ ewé ńkọ́?"

Mo ní mo ti bó o. Mo ní ẹni tí ó kùn ún kò mọ̀ ọ́n kùn, àti pé ti ara páálí, funfun ni.

Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún mi pé àbúrò wọn ni ó kùn ún. Mo mọ̀ pé bàbá mi ní àbúrò kan tí ó kú sí Lọ́ńdọ̀nù ní ìgbà òtútù ọdún 1979. Mo mọ orúkọ rẹ̀, mo mọ fọ́tò rẹ̀ lára ògiri. N kò mọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí wọn kì í sọ ọ́. Yàrá kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé nígbà tí wọ́n wà nílé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n jọ ń wo eré yẹn nínú yàrá onílé wọn. Bàbá mi ni wọ́n ra Idì, àbúrò ni ó mọ̀ ọ́n tò. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n bá a tí ó ti kun ikùn rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Ó ní ọkọ̀ Nàìjíríà ni, pé lọ́jọ́ tí Nàìjíríà bá máa lọ sí ojú ọ̀run, kì í ṣe ọkọ̀ aláwọ̀ ẹlòmíràn ni yóò wọ̀ lọ. Bàbá mi bínú. Wọ́n ní ó ti ba nǹkan olówó iyebíye jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà di ńlá, àwọn méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Idì kò sì parí. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni àìsàn dé.

Bàbá mi ní, "Èmi ni mo ní kí ó bó o. Ó kọ̀. Ìwọ wá bá mi bó o."

Ẹnu mi wọhò. Ohun kan wá sọ sí mi lọ́kàn. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, rédíò kéde pé NigeriaSat-1 ti gbéra láti Plesetsk ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Sátẹ́láìtì yẹn ni àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè wa ní lójú ọ̀run. Ní Surrey, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti kọ́ ọ, rọ́kẹ́ẹ̀tì Rọ́ṣíà ni ó sì gbé e. Gbogbo wa ń pariwo ayọ̀ nínú ilé. Bàbá mi dìde, wọ́n jáde, wọn kò wọlé títí ilẹ̀ fi ṣú. A rò pé wọn kò fẹ́ràn ìjọba ni.

Mo ní kí n lọ wá Idì yí padà, mo bá rántí àmì àtàǹpàkò. Mo fi ìka tọ́ ọ fún wọn. Mo bi wọ́n bóyá tiwọn ni. Wọ́n mú awò ojú wọn, wọ́n gbé e sí ojú fèrèsé. Wọ́n ní àwọn kò fọwọ́ kan àtè Idì rí, pé gbogbo lílẹ̀ rẹ̀, àbúrò wọn ni. Sódà ti jẹ ọ̀dà rẹ̀, ṣùgbọ́n ike kì í ṣe oúnjẹ sódà. Bí ó bá ṣe pé mo ti lo sáńpépà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí mo fi iṣẹ́ náà sí, ohun tí à bá máa bá ara wa sọ ni n kò mọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ ti di ti àwa méjèèjì. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n báyìí, nítorí náà èmi ni mo ń gé, àwọn ni wọ́n ń bá mi wí. Àwọn igi wẹ́ẹ́rẹ́ eegun ẹ̀yìn tí ó ti ṣẹ́, ẹ̀ka ike inú páálí ni mo fi rọ́pò wọn. A ó mú un sókè iná àbẹ́là láìjẹ́ kí iná kàn án, bí ó bá ti ń rọ̀, a ó fà á ní ìdákẹ́jẹ́ títí yóò fi tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Ìdérí ìgò oògùn ojú ni mo gé ṣe agogo iná méjì tí ó sọnù. Bọ́tìnnì ẹ̀wù di àtẹ́lẹsẹ̀ fún ẹsẹ̀ tí ó yẹ̀. Mo tú rédíò kan tí ó ti kú, mo kó wóróbo inú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ikùn kí ó lè jọ ẹ̀rọ. Bàbá mi kọ́kọ́ pe èyí ní àbùlà. Mo sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ náà ni Brian Johnson àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tí wọ́n ṣe Idì ńlá tí a rí nínú eré náà ti ṣe: ẹ̀yà ara àwọn ọkọ̀ oníke tí wọ́n rà ní ọjà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára kí ojú lè rí nǹkan wò. Ike ni wọ́n fi ṣe idì, idì sì padà di ike ní ọjà.

Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí tún dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ọkọ̀ tí ó ti ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ mọ́ jù, nítorí náà mo lọ erùpẹ̀ pupa ẹ̀yìnkùlé, mo fi òwú pa á mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Ṣé ọ̀nà Kàbà ni ó gbà lọ sí òṣùpá ni?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Eruku òṣùpá, bí àwọn tí wọ́n rin orí rẹ̀ láàárín 1969 sí 1972 ti jẹ́rìí sí i, bí eérú ni, a sì máa lẹ̀ mọ́ aṣọ bí èèmọ́. Mo fọ erùpẹ̀ dànù, mo lọ èédú àti òje pẹ́ńsù papọ̀.

Ó wá ku ikùn. N kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí a tún un kùn. Ẹni tí ó kùn ún ti lọ, ọ̀dà tí a bá fi sí i lónìí kì í ṣe ọ̀dà rẹ̀. Níbí ni orúkọ tí a sọ Idì ní kíláàsì ti padà bá mi. A kò jìnnà sí ìlú àwọn ọ̀gá agbẹ́gilére: Aréógun ti Òsì àti Bámgbóyè ti Odò-Ọ̀wá, Ìpínlẹ̀ Kwara kan náà ni a jọ wà títí di 1991. Àwọn tí wọ́n tọ́jú ère sí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kì í fẹ́ kí a fọwọ́ kan ọ̀dà àtijọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń fi ère bọ òrìṣà, bí ọdún bá ti yí po, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a tún fi ẹfun, osùn àti aró kùn ún. Ìyá ìbejì a máa fi ọwọ́ pa ojú ère títí imú rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, kò sì sí ẹni tí í pè é ní ìbàjẹ́. Mo rò ó títí, mo gbà pé àṣà àwọn ìyá ìbejì sún mọ́ ohun tí bàbá mi ń fẹ́ ju ti àwọn onílé àkójọ lọ. Kí n má parọ́, bí ó bá jẹ́ ère Aréógun ni ó wà lọ́wọ́ mi, ìdájọ́ mi lè yàtọ̀.

Mo ra ọ̀dà lọ́wọ́ ẹni tí ń kọ nǹkan sára mọ́tò. Mo po aró pọ̀ mọ́ àwọ̀ ìyeyè. Bàbá mi ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé ó ti dúdú jù, pé ewé kòkó nìyẹn. Mo fi funfun sí i. Wọ́n ní ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ là nìyẹn, òun náà kọ́. Mo fi àsíá orílẹ̀-èdè hàn wọ́n nínú ìwé, wọ́n ní àbúrò wọn kò rí ọ̀dà àsíá rà, èyí tí ó rí ni ó lò. Ọ̀sán lọ. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ pé Yorùbá kò pọ́n àwọ̀ lórúkọ lójú, mo jókòó ń gbọ́ orúkọ ewé mẹ́sàn-án lẹ́nu àgbà kan ṣoṣo. Nígbà tí ó pẹ́, wọ́n dìde, wọ́n lọ já ewé ẹ̀gẹ́ kan lẹ́yìn ilé, wọ́n yí i padà, wọ́n gbé e síwájú mi. Wọ́n ní, "Ẹ̀yìn rẹ̀. Kì í ṣe ojú rẹ̀."

Mo po ó títí ó fi bá ẹ̀yìn ewé ẹ̀gẹ́ mu. Wọ́n ní kí n má ṣe kun ibi àtàǹpàkò, kí n yí i po. Wọ́n gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ wọn gbọ̀n, ọ̀dà sì ya wọ inú funfun. N kò nù ún.

Orí pẹpẹ ìwé ní pálọ̀ wọn ni Idì wà báyìí. Ẹsẹ̀ tí bẹntiróò jẹ kò ṣe é tún ṣe, ó sì ń mú kí ó dà gẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ti gé pátákó pẹlẹbẹ kan tí n ó fi tì í lábẹ́, ṣùgbọ́n bàbá mi ní kí n gbé e kúrò. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni àbúrò àwọn máa ń fi ara ti ẹsẹ̀ kan bí wọ́n bá jọ dúró de bọ́ọ̀sì.